Ìbọn Tí Awòdì Kò Gbọdọ̀ Rí

"Ẹ dọ̀bálẹ̀, sà," ni Tẹníọlá wí, ó sì nawọ́ sí ẹní dúdú tó tẹ́ síwájú dígí.

Kúforíjì wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo iṣu tó ti jẹrà. Ọmọbìnrin náà lè má tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Irun rẹ̀ kúrú bíi ti ọkùnrin, ó ń jẹ gúgúrú láàárín ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí gbogbo Òkè-Ọ̀sọ̀ ń pariwo rẹ̀ kiri.

"Ta ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Kì í ṣe fún ènìyàn, sà. Fún dígí ni."

"Ìwọ lo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí."

"Mi ò ní kí ẹ kí mi, sà. Ẹ ti dúró, ẹ ti jókòó, ẹ ti sáré, dígí ò rí ìbọn ìdí yín rárá. Ó ku ìdọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá dé iwájú Baálẹ̀ lọ́sàn-án yìí, ṣé ẹ óò na ọwọ́ sí i kí ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni?"

"Ìdúró tó. Bá mi fún bẹ́líìtì yìí dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n Kúforíjì obìnrin, Àǹtí Mojoyin, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé agbádá àbúrò rẹ̀ lé itan, pòṣé. "Kúforí, dọ̀bálẹ̀ jàre. Ilẹ̀ ò ní gbé ọ mì."

Kúforíjì ń wo ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti òwúrọ̀ tí wọ́n ti jáde nílé, obìnrin yìí ti tú ìró rẹ̀, ó ti tún un ró, ní ìgbà tí kò lóǹkà. Lójú títì, lẹ́nu géètì, lórí afárá, níwájú ọlọ́jà: á tú u, á nà án gbàgà, á fà á le, á kì í bọ ẹ̀gbẹ́. Bó ti ń dì í ló ń tú. Kúforíjì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá fi agbára tó ń lò sórí ìró ro oko ni, ebi ì bá má pa wọ́n lọ́dún ọ̀dá. Ohun gbogbo tó ń ṣòfò máa ń rí i lára. Òun tó jẹ́ pé inú ilé ló ti kọ́ ìwé, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ láti ìlú tí kò dé rí, tí kò fi epo fìtílà kan ṣòfò lórí rẹ̀, òun ni ilé wá yàn láti gbé ìbọn. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe tó mọ́gbọ́n dání.

Bàbá Ṣàánú, tó ń gbé ìbọn agbolé wọn, Ọ̀jẹ́lábí, tẹ́lẹ̀, ti kú nígbà tí òjò ń lọ. Láti ọjọ́ náà ni iná ẹnu ọ̀nà wọn ti yí láti aró sí òféèfèé, tó fi ń sọ fún gbogbo ayé pé agbolé yìí ṣì ń wá ẹni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde níwájú Baálẹ̀ lónìí kó sì yege, iná náà yóò kú pátápátá. Àwọn olè òdìkejì odò a máa ka iná bí a ti ń ka ìwé. Nígbà tí iná agbolé Aládìí kú, wọ́n kó ẹran, wọ́n kó irúgbìn, wọ́n tú ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí páànù orí ilé. Ògiri nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, àti àwọn ènìyàn tó ń sunkún láàárín rẹ̀. Àǹtí Mojoyin bí ọmọ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ti kú, yàrá tó kángun sí odò ni òun àti àwọn ọmọ náà sì ń sùn.

Wọ́n kọ òfin sára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà gàdàgbà, bí wọ́n ti kọ ọ́ sára gbogbo ògiri tó dára nílùú: ÌBỌN TÍ OJÚ BÁ TI RÍ, ÌHÀLẸ̀ NI. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lọ ṣì rántí ìgbà tí olúkúlùkù ń fi ìbọn rìn ní gbangba bí ẹni fi ìwo rìn. Nísinsìnyí, agbolé kan, ìbọn kan. Ẹni tó bá gbé e gbọ́dọ̀ lè jẹun, kó rajà, kó kí àgbà, kó gbé ọmọ jó, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé irin wà lára rẹ̀. Awòdì, ẹyẹ irin tí ìjọba tú sójú ọ̀run, ló ń ṣọ́ wọn. Bí ó bá rí àmì irin lábẹ́ aṣọ, á súfèé, iná agbolé náà á sì kú lójú ẹsẹ̀.

Kí Tẹníọlá tó tún sọ̀rọ̀, Olóyè Ajétúnmọbí fi ikùn ṣáájú wọlé. Agbolé tirẹ̀ náà ń fi í hàn lónìí. Ó wá gba ìbọn rẹ̀ tó ti gbé wá fún àtúnṣe ìkẹyìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ dáadáa, ṣé ojú ìbọn mi ti mọ orúkọ mi báyìí?"

"Ó ti mọ̀ ọ́n, sà."

Tẹníọlá ṣí àpótí. Wọ́n fi eyín erin ṣe èèkù ìbọn náà, wọ́n fi góòlù bo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kan ojú dígí tí wọ́n fi ń fojú sun nǹkan, tó tó ẹyin tòlótòló, mọ́ ọn lórí. Bí Ajétúnmọbí ti gbé e sókè, ohùn obìnrin kan jáde láti inú dígí náà, ohùn dídùn tó mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́:

"Àlàní, ọmọ a-fi-góòlù-rọrí, ọmọ a-jí-f'owó-bọ́jú, ọ̀tá rí ọ, ọ̀tá gbàgbé ọ̀nà ilé..."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" Ajétúnmọbí bú sẹ́rìn-ín. "Kó tó yìnbọn ló ń kì mí. Kí olè mọ irú ẹni tó máa pa á."

"Kí ó tó kì yín débi ìlà kẹta, olè ti dé ìlú kejì," ni Kúforíjì wí.

Ajétúnmọbí wo ìbọn tó wà ní ìdí Kúforíjì, irin dúdú tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan àfi ojú dígí kékeré lórí rẹ̀. "Háà. Ọ̀gá wa, ṣé ìbọn rèé àbí ìdè ilẹ̀kùn?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀, sà," ni Tẹníọlá wí fún Olóyè náà. Kò jọ pé ó nírètí. "Kí dígí lè wò yín."

"Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì? Ìwọ ọmọ yìí, o ya aláwàdà." Ó ti ìbọn náà bọ ẹ̀yìn ìdí, ó tẹ́ agbádá lé e, ó fi ẹ̀yìn àti iwájú han dígí, ó jáde. Títí tó fi kọjá ìta ni ìbọn rẹ̀ ṣì ń kì í lábẹ́ aṣọ, kí ó tó dákẹ́.

Tẹníọlá bu gúgúrú sẹ́nu. "Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Wọ́n á sáré níwájú mi, wọ́n á jó, ẹnì kan tiẹ̀ gun igi. Ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kan tó jẹ́ na ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. Ibẹ̀ náà sì ni Awòdì ti ń mú wọn."

Ohun tó dun Kúforíjì ni pé òun àti òmùgọ̀ tó jáde lọ yẹn sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ní ohùn kan náà. Ó bọ́ bàtà. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó na ara rẹ̀ gbalaja sórí ẹní dúdú.

Dígí náà kì í fi ẹni han ara rẹ̀. Ohun tí Awòdì yóò rí ló ń yà: ọkùnrin eléérú kan tó dọ̀bálẹ̀, tí ìlà pupa kan sì ta sókè ní ìdí rẹ̀ bí ìwo ewúrẹ́. Bí aṣọ ti fà mọ́ ẹ̀yìn, ojú dígí orí ìbọn ti sọ ọ́ sókè ketekete.

"Yéè," ni Àǹtí Mojoyin wí. "Kúforí hu ìrù."

Wọ́n gbé ìbọn náà sábẹ́ abíyá, ó gba agbádá, ó wọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ síwájú nílẹ̀, agbádá ṣí, ìlà pupa yọ nínú dígí. Wọ́n gbé e sí ọrùn ẹsẹ̀. Ṣòkòtò fà sókè. Wọ́n wá gbé e síwájú ikùn. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀, ara rẹ̀ bo irin náà, dígí dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dìde, etí ojú dígí náà kọ́ aṣọ, ó fà á lọ sápá kan, ìlà pupa sì tún yọ.

"Ojú dígí yẹn ni," ni Tẹníọlá wí. "Ó ga jù. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, kí n fi ojú irin pẹlẹbẹ sí i. Kò ní kọ́ aṣọ."

"Fi sílẹ̀."

"Sà, ìbọn yìí kéré, ó tinrin, ó bá yín mu. Dígí yẹn nìkan ló—"

"Mo ní kí o fi sílẹ̀!"

Àǹtí Mojoyin gbé ojú sókè. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà náà. "Yọ ọ́, ìyàwó mi," ló wí fún Tẹníọlá. "Kí ó yìn ín kí a wò ó."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ibi ìdánwò wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí wọ́n fi àpò iyanrìn tẹ́ ògiri rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ẹfun ya ènìyàn sí dúró ní òpin rẹ̀, ó jìnnà tó bí ìloro ilé Ọ̀jẹ́lábí ṣe jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ojú irin náà rọrùn: igi kékeré kan níwájú, àlàfo kan lẹ́yìn. Kí ènìyàn fi igi sáàárín àlàfo, kó fà á. Ó jẹ́ nǹkan tí kò ní ìfiṣòfò kankan, irú èyí tí Kúforíjì ì bá ti fẹ́ràn.

Ó gbé e sójú. Igi náà di kùrukùru. Àlàfo náà di kùrukùru. Ó yìn ín, ó tún un yìn. Iyanrìn dà sílẹ̀ lára ògiri lápá ọ̀tún, ó dà lápá òsì. Ènìyàn ẹfun náà dúró síbẹ̀, kò tiẹ̀ fara pa.

"Ìbọn yìí wọ́," ni Kúforíjì wí.

"Kò wọ́, sà," ni Tẹníọlá wí jẹ́jẹ́.

"Mo ní ó wọ́. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù ìwòyí, ẹ mọ bí ẹ ti ń fi eyín erin dárà, ẹ ò mọ bí ẹ ti ń to irin kó gún."

"Kúforí." Àǹtí Mojoyin kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìgbà wo lo ti ka ìwé gbẹ̀yìn láìnà án jìnnà bí ẹni tí ìwé fẹ́ bù jẹ? O rò pé a ò rí ọ? Abẹ́rẹ́ tí o wá tì lánàá, iwájú rẹ ló wà. Ọmọ mi tó kéré jù ló bá ọ mú un."

Àmì pupa tó ń tàn nínú ojú dígí tí wọ́n yọ yẹn nìkan ni Kúforíjì lè rí. Ó mọ́lẹ̀, ó dúró sójú kan bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn lára ògiri, ibi tó bá sì bà ni ọta ń lọ. Pẹ̀lú ojú dígí, òun lè dá olè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n òun kò lè kí Baálẹ̀ kí Awòdì má súfèé. Pẹ̀lú ojú irin, òun lè kí gbogbo àgbà tó wà láyé, ṣùgbọ́n nígbà tí olè bá dé, ara ògiri ni òun yóò pa. Ó ti yẹ̀yẹ́ Ajétúnmọbí lórí ìbọn tó ń kọrin. Ìbọn tí ẹni tó gbé e kò rí ibi tó kọjú sí, kí ni yóò pe ìyẹn?

Ó wo ara rẹ̀ bí ó ti máa ń wo àwọn ẹlòmíràn. Kò fẹ́ràn ohun tó rí.

"Gbé e wá níbí," ni Àǹtí Mojoyin wí, ó sì gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é? Igi yìí sáàárín ihò yìí?" Ó di ojú kan. Ẹfun fò lára pákó, ní àyà. Ó tún yìn ín. Ó fò ní ọrùn.

Tẹníọlá gbàgbé gúgúrú sẹ́nu.

"Kí lẹ ń wò? Ta ló ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko ìrẹsì nígbà tí ọ̀gbẹ́ni yìí ń kàwé?"

Kúforíjì jókòó sórí àpò iyanrìn. Ó bi Tẹníọlá láìgbójú sókè: "Òfin sọ pé ọkùnrin ni?"

"Òfin ní ẹni tó bá gbé ìbọn agbolé wá síwájú Baálẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ wọ̀ ọ́," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí n wọ kí ni? Èmi? Kúforí, ṣé ooru ló mú ọ?"

"Àwọn ọmọ yín ló ń sùn lápá odò, Àǹtí mi. Ẹ wọ̀ ọ́."

Tẹníọlá gbìyànjú bẹ́líìtì, kò bá a mu. Ó gbìyànjú àpò itan, Àǹtí Mojoyin ní ó ń rìn òun lára. Níkẹyìn ó bínú, ó ní kí wọ́n gbé gbogbo ìyẹn kúrò, ó sì ti ìbọn pẹlẹbẹ náà bọ inú tòbí tó wà lábẹ́ ìró rẹ̀, ibi tí ó ti máa ń so owó mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú dígí. Dígí kò rí nǹkan kan. Ó dìde, kò rí nǹkan kan. Bí kókó ìró ti rí ní ìbàdí obìnrin ni, kókó kan láàárín kókó.

"Ohun kan ṣoṣo," ni Kúforíjì wí bí wọ́n ti ń jáde. "Níwájú Baálẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ẹ má fọwọ́ kan ìró yẹn. Tí ẹ bá tú u báyìí, a gbé."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Gbàgede Baálẹ̀ ti kún. Àwọn tí kò níṣẹ́ ti wá láti wo ẹni tí yóò tẹ́. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń ju èèpo sílẹ̀, wọ́n gbé ojú sókè níbi tí Awòdì ti ń yí po bí eṣinṣin orí àtẹ. Baálẹ̀ jókòó lábẹ́ ibòòji, ó ń tòògbé.

Wọ́n pe Olóyè Ajétúnmọbí. Ó fi ẹ̀sọ̀ rìn wá, ó ká agbádá lé èjìká, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó fi èkejì kúnlẹ̀, ó wá na ara rẹ̀ sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Bí ìdí rẹ̀ ti gòkè díẹ̀, ìbọn náà rò pé wọ́n ti fa òun yọ. Láti abẹ́ aṣọ ni ohùn dídùn náà ti jáde, ó sì ròkè:

"Àlàní, ọmọ a-fi-góòlù-rọrí! Ọmọ a-jí-f'owó-bọ́jú!"

Baálẹ̀ jí. "Ta ló ń kọrin?"

"Ọ̀tá rí ọ, ọ̀tá gbàgbé ọ̀nà ilé!"

Awòdì já wálẹ̀, ó súfèé. Gbàgede náà rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Olóyè náà dìde, ó ṣì ń fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn ara rẹ̀ kí obìnrin inú ìbọn lè dákẹ́. Kúforíjì kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó. Pátápátá ìwà ìfiṣòfò ayé ló kó jọ síbẹ̀, tó ń gbọn eruku lára.

"Agbolé Ọ̀jẹ́lábí!"

Kúforíjì jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó mọ̀ nígbà tí Awòdì dé orí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tútù kan gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kọjá. Irin náà wò ó, kò rí nǹkan kan, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìwọ lo gbé ìbọn wá?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Àǹtí Mojoyin ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ariwo gba gbàgede. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Ṣé ọkùnrin ti tán ní Ọ̀jẹ́lábí ni?" Ẹlòmíràn ní: "Wọ́n ti fi wọ́n ṣe ẹbọ!" Ẹ̀rín sọ. Erùpẹ̀ ti wọ Kúforíjì lẹ́nu, ó sì gbé e mì. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà wọ̀nyí, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè mú ọ̀rọ̀ kan ṣe títí ìrọ̀lẹ́, ní ojú wọn ni òun wà nílẹ̀ yìí.

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí Mojoyin. "Dìde, kí Awòdì wò ọ́."

Ó dìde. Awòdì sọ̀kalẹ̀ dé iwájú rẹ̀, ó dúró lójú òfúrufú, kò jìnnà sí i ju apá kan lọ. Kúforíjì yí ojú sápá kan lórí ilẹ̀ kó lè rí i.

Ó sì rí i. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ síbi ìró.

Àǹtí Mojoyin tú ìró náà. Ó nà án gbàgà sí ọ̀tún, aṣọ náà ṣí bí ilẹ̀kùn ńlá níwájú ojú irin náà, ó gbé e yí, ó fà á le, ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ láìwo ìsàlẹ̀, bó ti ń ṣe é lójú títì, lẹ́nu géètì, lórí afárá, láti ìgbà tí ó ti di obìnrin.

Kúforíjì wo gbàgede. Kò sí ọkùnrin kan tó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo wọn ti gbé ojú sápá kejì: ẹni tó kígbe lẹ́yìn ń wo èékánná rẹ̀, Baálẹ̀ ń wo ọ̀run, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré nígbàkigbà tí obìnrin bá ń tún ìró ró. Awòdì náà dúró díẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó wò àti ohun tó yẹ kó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó yí orí padà, ó fò lọ.

Lókè ẹnu ọ̀nà Ọ̀jẹ́lábí, tí ènìyàn lè rí láti gbàgede, iná òféèfèé náà ṣẹ́jú, ó sì di aró.

Kúforíjì ṣì wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó gbọ́ tí Àǹtí Mojoyin pòṣé.

"Dìde ńlẹ̀ jàre, Kúforí. Ṣé ilẹ̀ gbé ọ mì?"